Wọ́n pe ọmọ mi sí NDA ní Kàdúná, ṣùgbọ́n "s" àti "sh" ń dá mi láàmú

ÌyáṢọlá (Sátidé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i, àmọ́ lónìí ó kàn mí.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí Nigerian Defence Academy (NDA), ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun, ṣe. Ìwé ìpè ti dé: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni kó wà ní Kàdúná níwájú AFSB, ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tí wọ́n máa mú. Mo jó, mo ra ẹran, mo pe gbogbo ẹbí. Ìgbà tí mo tẹ́ àwọn ìwé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ni ijó náà dáwọ́ dúró. Ìwé ọjọ́ ìbí àti NIN kọ Adesola. JAMB náà kọ Adesola, torí inú NIN ni wọ́n ti mú un. WAEC kọ Adeshola! (Ẹ má wulẹ̀ wá a o, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, àmọ́ bí wàhálà náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.) Olùkọ́ tó forúkọ wọn sílẹ̀ nílé-ìwé ló fi "h" kún un. Mo pe ilé-ìwé náà, wọ́n ní, "Mà, ṣebí bákan náà la ṣe ń pè é?"

Èkejì: ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Ìbàdàn la bí i sí, Ìbàdàn ló dàgbà sí, ọmọ Èkìtì ni bàbá rẹ̀. Ṣé a lè gbà á níbí?

Ẹ̀kẹta: mo ti sáré ra nǹkan díẹ̀. Ṣòkòtò péńpé búlúù méjì tó ní ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà kánfáàsì tuntun, àti báàgì ẹ̀yìn aláwọ̀ sọ́jà kan báyìí, ó rẹwà gan-an. Kí ló kù?

ỌmọKàfé (Sátidé, 9:40 alẹ́)

Mà, ẹ kú oríire. Bódìjà ni mo ti ń ṣe kàfé, ojoojúmọ́ ni mò ń rí s àti sh yìí. Àmì tó wà lábẹ́ ṣ ló fà á. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ò ní i, ẹnìkan á tẹ s, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣi òun pè á tẹ sh. Ṣẹ́gun, Ṣadé, Adéṣínà, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú ìyà náà. Ọmọ ìyá mẹ́ta kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, orúkọ bàbá wọn kan náà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà kọ ọ́.

Ẹ má fọwọ́ kan NIN báyìí o. Tí ẹ bá yí NIN kó lè bá WAEC mu, JAMB tó ti jáde ṣì máa wà bó ṣe wà, ìwé ọjọ́ ìbí á sì tún takò yín. Ìwé mẹ́ta ló fẹnu kò, ẹyọ kan ló yapa. Èyí tó yapa ni kí ẹ wá ẹlẹ́rìí fún.

Akọ̀wéKóòtù (Sátidé, 10:25 alẹ́)

Òótọ́ ni ọmọ kàfé sọ. Mà, ẹ lọ sí Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀, inú ọgbà gan-an, ní yàrá tí wọ́n ti ń búra. Ẹ má dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìbúra lábẹ́ agboòrùn lẹ́nu géètì. Ẹ ní ẹ fẹ́ ìwé ìbúra pé Adesola àti Adeshola, ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde síbẹ̀.

Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí o. Èyí kì í ṣe ìwé ìyípadà orúkọ. Ẹni tó yí orúkọ padà ń sọ pé òun ti ju ti àtijọ́ nù. Ọmọ yín ò ju nǹkan kan nù. Tí akọ̀wé bá kọ "tí ń jẹ́ lágbájá tẹ́lẹ̀ rí" sínú rẹ̀, ẹ ní kó ya á, kó tún un kọ. Mo ti rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àṣìkọ di orúkọ tuntun báyìí, gbogbo ìwé tó kù wá di ti ẹlòmíràn.

Tó bá ti pé ọdún 18, òun ló máa búra fúnra rẹ̀. Tí kò bá tíì pé, ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ ra odidi ìwé ìròyìn ọjọ́ náà méjì. Ẹ má gé ojú-ìwé náà kúrò o, ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ ṣe pàtàkì. Kí ilé-ìwé rẹ̀ náà kọ̀wé sí WAEC fún àtúnṣe. Kò ní bọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ẹni tó gbà á á fi hàn pé ẹ ò jókòó tẹtẹrẹ.

Sọ́jàFẹ̀yìntì (Sọ́ńdè, 5:50 àárọ̀)

Ìyá Ṣọlá, ẹ kú oríire ọmọ. Kí n tó sọ ohunkóhun: báàgì aláwọ̀ sọ́jà yẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Lónìí. Òfin ò gba ará ìlú láyè láti máa wọ aṣọ ológun kiri, àwọn sọ́jà tó wà lójú títì ò sì ní bi yín bóyá aṣọ ni tàbí báàgì. Láti Lọ́kọ́ja dé Kàdúná, ẹ ó ka ibi àyẹ̀wò títí yóò fi sú yín. Ṣé níbẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ yín ti máa ṣàlàyé pé ìyá òun ló rà á nítorí pé ó rẹwà? Kò tíì di sọ́jà. Tó bá dì í, wọn á fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣòkòtò tó ní ìlà funfun náà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wọ̀ ọ́. Ẹ wo ìwé ìpè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí i pé aláìlámì ni wọ́n kọ. Kò gbọdọ̀ ní ìlà, kò gbọdọ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan, kò gbọdọ̀ ní àwòrán. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tò wọ́n, ọmọ gómìnà àti ọmọ alágbàṣe gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ẹ ra aṣọ búlúù tó ṣókùnkùn ní ọjà Gbági, kí télọ̀ àdúgbò rán méjì, kó fi rọ́bà sí i ní ìbàdí, kó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ kó lè sáré. Ẹ̀wù funfun ọlọ́rùn róbótó náà bẹ́ẹ̀, ọjà ló kún.

Èmi ò jẹ́ ọ̀gá o. Sájẹ́ǹtì ni mo fi ṣíwọ́, mo sì lo ọdún mẹ́fà ní Kàdúná. Nítorí náà, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí àwọn ọmọ máa ń ṣì: ibi méjì ni wọ́n ń pè ní NDA nínú ìlú yẹn. Ribadu Cantonment ni ibi àtijọ́, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964, nígbà tí àwọn ọ̀gágun láti Íńdíà wá bá wa gbé e dìde. Kí ìyẹn tó wà, Teshie ní Gánà tàbí Ìlú Ọba làwọn ọmọ wa ti ń lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gágun. Afaka ni ibùdó tuntun, ó kọjá Màǹdó lọ́nà pápákọ̀ òfurufú. Ẹ ka ìwé ìpè kí ẹ mọ èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọlọ́kadà lè gbé e lọ sí èkejì kó sì gba owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀: Èkìtì lẹ máa lọ. Ìpínlẹ̀ bàbá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, torí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀ tí wọ́n máa mú. Ẹ má gba ti Ọ̀yọ́ kí ẹ sì tún fi Èkìtì sínú fọ́ọ̀mù o. Irọ́ kékeré báyìí ni wọ́n fi ń lé ọmọ jáde ní ọdún kẹta.

ÌyáṢọlá (Sọ́ńdè, 2:15 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà. Ẹ̀rín pa bàbá Ṣọlá nígbà tó ka ti báàgì, ó ní òun ti sọ. Kò sọ nǹkan kan o.

Ìwé kan tún wà nínú àwọn tí a tẹ̀ jáde, èyí tí ẹni pàtàkì máa jẹ́rìí sí pé òun mọ ọmọ náà. Ṣé pásítọ̀ wa lè fọwọ́ sí i? Wọ́n mọ̀ ọ́n láti ìgbà ìkómọ.

Sọ́jàFẹ̀yìntì (Sọ́ńdè, 3:02 ọ̀sán)

Rárá. Wọ́n kọ irú àwọn tó lè fọwọ́ sí i sára ìwé náà. Alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí akọ̀wé àgbà rẹ̀, adájọ́ kóòtù májísíréètì, ọ̀gá ilé-ìwé girama ìjọba, ọ̀gágun tí ipò rẹ̀ kò rẹlẹ̀ ju lẹ́fútẹ́náǹtì kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ, ọlọ́pàá ńlá. Kó sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ yín. Èyí tó rọrùn jù fún yín ni pé kí ẹ mú un dání lọ sí Èkìtì, kí alága tàbí akọ̀wé fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Ìrìn kan, iṣẹ́ méjì. Pásítọ̀ lè gbàdúrà sí i.

ỌnàTààrà (Sọ́ńdè, 4:30 ọ̀sán)

Madam, kí lẹ ń ṣe wàhálà sí? Mo ní ọ̀gá kan nínú ibẹ̀ tó lè bá yín ṣe gbogbo ẹ̀, s tàbí sh, kò kàn án. Ẹ pè mí sí [a ti yọ nọ́mbà kúrò]

Alábòójútó (Sọ́ńdè, 4:41 ọ̀sán)

Mo ti yọ nọ́mbà, mo sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni náà. NDA fúnra wọn kì í yé kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó fún alágbàtà. Tí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí èyí, ẹ fi hàn mí.

Ẹsẹ̀Àparò (Sọ́ńdè, 8:18 alẹ́)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ mà. Èmi lọ sí AFSB lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọn ò mú mi, mo ti wà ní yunifásítì báyìí, kò sí ìbínú. Bàtà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Kánfáàsì tuntun gbáà ni mo gbé lọ. Mo pa á mọ́ sínú páálí rẹ̀ nílé kó má baà dọ̀tí, sálúbàtà ni mo fi ń sáré láàárọ̀. Àfi bá a ṣe débẹ̀, wọ́n ní ká sáré máìlì méjì, kìlómítà 3.2 nìyẹn. N ò tíì dé ìdajì tí gìgísẹ̀ mi fi yọ omi bí ibi tí iná jó. Nígbà tí mo fi parí, ẹ̀yìn ìbọ̀sẹ̀ funfun mi ti pọ́n. Mo bọ́ bàtà, awọ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ fífo kòtò àti gígun okùn ṣì ń bẹ níwájú, bàtà náà sì ni mo ní. Mo fi tíṣù dí i lẹ́yìn, mo ń rìn bíi pépéyẹ. Ọ̀gá kan wò mí títí, kò sọ nǹkan kan, ó kọ nǹkan sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní ni mò ń rò ó pé kí ló kọ.

Kí Ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà yẹn sáré láti ọ̀la. Kó fi lọ sọ́jà, kó fi pọn omi. Tí ẹ bá gbà, kó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó dọ̀tí ń kọ́, ó ṣeé fọ̀. Kó gé okùn rẹ̀ kó má gùn jù, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ okùn ara rẹ̀ ló ṣe fẹnu gbálẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kó mú, kì í ṣe méjì. Òjò ń rọ̀ ní Kàdúná ní àsìkò yìí, ohun tó bá fọ̀ lálẹ́ ò ní gbẹ kílẹ̀ tó mọ́.

Àwọn tó kù: aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun méjì àti ti ìrọ̀rí, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣíbí, fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ, àwo àti kọ́ọ̀bù. Àgádágodo tó nípọn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjì, kó fi okùn so ọ̀kan mọ́ ọrùn. Bíírò, ìwé. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn gbogbo aṣọ, nínú, kí ó má hàn níta. Gbogbo wa la wọ nǹkan kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń mú èyí tó mọ́ jù!

Fóònù: kó má mú èyí tó wù ú dání. Wọ́n gba tiwa ní ẹnu ọ̀nà.

Àdùkẹ́_Aláìfòyà (Sọ́ńdè, 9:05 alẹ́)

Mo fẹ́ bi yín o, ẹ̀yin tó ti lọ. Obìnrin ni mí, wọ́n pe èmi náà. Ṣé kí n gé irun mi kí n tó lọ ni?

Nọ́ọ̀sìÀgbà (Sọ́ńdè, 9:33 alẹ́)

Àdùkẹ́, gé e. Àbúrò mi lọ pẹ̀lú irun dídì, ọjọ́ kejì ló ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá òun tú u. Ra kọ́mú eré ìdárayá mẹ́ta tó dì ọ́ dáadáa, mú páàdì dání kódà tí kò bá tíì tó àsìkò rẹ, ìdààmú máa ń mú un yá. Láti ọdún 2011 tí wọ́n ti ń gba obìnrin sínú Regular Course (ẹ̀kọ́ ọ̀gágun gan-an), eré sísá ò yọ obìnrin sílẹ̀, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lónìí.

Fún ìyá Ṣọlá àti gbogbo yín: ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ara nílé kí ẹ tó náwó ọkọ̀. Ojú, eyín, etí, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ wọn gíga rẹ̀ láìwọ bàtà: mítà 1.68 ni ti ọkùnrin, 1.65 ni ti obìnrin. Mo mọ ọmọkùnrin méjì tí ìwé wọn pé pérépéré, ojú ló dá wọn padà. Ọ̀kan nínú wọn ò mọ̀ pé òun kì í rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, ó rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń rí i nìyẹn.

BàbáPeckham (Mọ́ńdè, 12:20 òru)

Ẹ kú iṣẹ́ o láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ọmọbìnrin mi. Sandhurst, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun Ìlú Ọba, lòun lọ, ọ̀sẹ̀ 44 ni tiwọn. Ẹ mọ nǹkan tí wọ́n kọ sínú ìwé ohun tó gbọ́dọ̀ mú dání? Tábìlì ìlọṣọ! Èmi rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A débẹ̀, mo rí àwọn ọmọ olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú kóòtù àti táì, olúkúlùkù gbé tábìlì ìlọṣọ sábẹ́ abíyá, wọ́n tò lọ bí ẹni ń lọ ṣèdájọ́. Ìyàwó mi ti ra èyí tó ní òdòdó. Ọmọ mi ò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé géètì.

Orúkọ náà dà wá láàmú díẹ̀ níbí. Ọlátúnbọ̀sún gùn ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù kan lọ, wọ́n gé e, a tún ń ṣàlàyé.

Sọ́jàFẹ̀yìntì (Mọ́ńdè, 6:10 àárọ̀)

Bàbá Peckham, ẹ ṣé. Ẹ má jẹ́ kí ìyá Ṣọlá gbọ́ o, yóò lọ ra tábìlì.

ÌyáṢọlá (Mọ́ńdè, 7:30 àárọ̀)

Mo ti gbọ́ sà. Ṣé kó mú ọ̀kan? (Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe.) Ẹni tó ta báàgì kọ̀ láti dá owó padà, mo fi í gba bùláńkẹ́ẹ̀tì kan àti bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ṣé mo lè fún un ní ata díndín àti gaàrí dání?

Ẹsẹ̀Àparò (Mọ́ńdè, 7:52 àárọ̀)

Mà, kó jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà.

ÌyáṢọlá (Fúráìdè, 9:00 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mélòó kan. Ìwé ìbúra ti jáde, ìwé ìròyìn ti gbé e, odidi méjì wà lọ́wọ́ mi bí Akọ̀wéKóòtù ṣe sọ.

Àná la lọ sí Èkìtì. Aago mẹ́fà la gbéra, mẹ́wàá kọjá ká tó dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ (n ò ní dárúkọ rẹ̀). Akọ̀wé tó wà lórí ìjókòó ní ká kọ́kọ́ lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí àdúgbò bàbá ọkọ mi. A débẹ̀, bàbá ti lọ sóko. A jókòó sábẹ́ igi ọsàn títí di aago kan. Nígbà tí bàbá dé, wọn ò bèèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ọmọ mi. Wọ́n gbé àdá sílẹ̀, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n ní kó ki oríkì ilé wọn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn! Ó dúró bí òpó. Bàbá rẹ̀ sọ ìlà àkọ́kọ́ sí i létí, òun náà wá ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka times table. Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní tó bá di sọ́jà, kó wá kọ́ ìyókù.

A padà sí ọ́fíìsì, ẹni náà wá ń bèèrè owó bíírò. Bíírò kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì yẹn, ó sì dá mi lójú pé wọ́n ti rà á tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. A san èyí tó ní rìsíìtì, a jókòó ti ìyókù. Aago mẹ́rin kọjá kí akọ̀wé àgbà tó fọwọ́ sí ìwé méjèèjì.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń to ìwé, àti bí ọmọ ṣe máa rìn.

ỌmọKàfé (Fúráìdè, 9:48 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo bẹ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi rọ́bà bo ojúlówó ìwé kankan. Àwọn òbí fẹ́ràn kí wọ́n máa lámíníètì gbogbo nǹkan. Ìwé tí a ti lámíníètì kò ṣeé lù ní òǹtẹ̀, kò ṣeé kọ̀wé sí lẹ́yìn, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò sì lè fọwọ́ kan bébà ọ̀hún gan-an. Ẹ fi sínú fáìlì oní-náílọ́ọ̀nù tó ń ṣí lókè.

Fáìlì méjì ni kí ẹ ṣe. Ojúlówó wà nínú ọ̀kan, ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta wà nínú èkejì, kí wọ́n má gbé báàgì kan náà. Ẹ tò ó bí ìwé ìpè ṣe tò ó, kí ọmọ má máa tú ẹrù níwájú èèyàn: ìwé ìpè, káàdì tí ẹ tẹ̀ jáde nínú ojú-ewé NDA lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èsì JAMB tó ní fọ́tò, WAEC, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé ìwà láti girama, ìwé ọjọ́ ìbí, ọmọ ìbílẹ̀, ìwé ẹlẹ́rìí, ìwé ìyọ̀ǹda òbí. Ìwé ìbúra àti ìwé ìròyìn, ẹ̀yìn WAEC gan-an ni kí ẹ kì wọ́n sí. Kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn nígbà tí wọ́n bá bi í. Fọ́tò: ẹ ya pásípọ́ọ̀tù, ẹ tún ya èyí tó fi gbogbo ara hàn láti orí dé ẹsẹ̀, ìwọ̀n postcard. Ẹ ya gbogbo ìwé sínú fóònù yín náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, ti NPC (àjọ tó ń ka iye èèyàn) ni àbí ti ilé ìwòsàn?

ÌyáṢọlá (Fúráìdè, 10:01 alẹ́)

Ti NPC ni. Mo ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí mo ṣe lásìkò.

Sọ́jàFẹ̀yìntì (Sátidé, 6:05 àárọ̀)

Ìrìn. Ẹ má gba ọ̀nà Mókwà sí Birnin Gwari, bó ti wù kí àwọn awakọ̀ sọ pé ó yá tó. Ẹ má sì rin òru. Ìbàdàn sí Àbújá lọ́jọ́ kan, kó sùn sọ́dọ̀ ẹbí, ọjọ́ kejì kó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdú lọ sí Rìgásà ní Kàdúná. Láti 2016 ni ọkọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlù ú ní oṣù kẹta 2022, ó sì padà ní oṣù kejìlá ọdún náà. Láti ìgbà náà, NIN ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó jẹ́ ti ẹni tó máa wọlé gan-an. Láti Rìgásà, Màǹdó ò jìnnà.

Kó dé Kàdúná ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni wọ́n dá, ẹni tó bá dé lọ́jọ́ kejì ti pàdánù rẹ̀, kò sí àlàyé kankan nípa táyà tó bẹ́. Kí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, kó gba fóònù rẹ̀ padà, kó sì máa bọ̀. Kó má jókòó síbẹ̀ máa yọjú.

ÌyáṢọlá (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 10:37 alẹ́)

Wọ́n ti wọlé lánàá. Bàbá rẹ̀ padà dé lónìí. Bàtà náà ti gbó dáadáa kó tó lọ, ó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ìyá ìjọ ń wò mí.

Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi níbí. Ó ń dún ṣáá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kan, mo ní kò sí nílé, ẹni náà ní "Ibo ló lọ, mà?" Mo ní Kàdúná. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àdúrótì mà." Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dá ìyẹn lóhùn.

ÌyáṢọlá (ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, 8:20 alẹ́)

Ó ti padà dé, ó ti gbẹ bíi ẹja díndín, ó ń jẹun láti ọ̀sán. Orúkọ àwọn tí wọ́n mú ò tíì jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kó ìwé ìbúra sí ẹ̀yìn WAEC, ẹ kú iṣẹ́: ó ní ẹni tó yẹ ìwé wò fi ìka sórí "h" yẹn, ó gbójú sókè. Kó tó sọ̀rọ̀, Ṣọlá ṣí ojú-ìwé tó tẹ̀ lé e. Ó kà á, ó wo ìwé ìròyìn, ó wo ọjọ́ tó wà lókè, ó ní "Ẹni tó kàn." Gbogbo ẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́tà WAEC ò tíì dé o. Ilé-ìwé ní àwọn ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ_Ọ̀ṣun (ọjọ́ kejì, 7:02 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tèmi kì í ṣe s àti sh o. NIN kọ Bankole, WAEC kọ Bamkole. Kí ni kí n ṣe?

ỌmọKàfé (7:09 àárọ̀)

Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ máa lọ sí kóòtù.